Ọba Kì í Mú Onkọrin: Ta Ni Orin Ìkìlọ̀ Ń Bá Wí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ọba kì í mú onkọrin." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìlú Ìbàdàn ní ọjọ́ ọdún Òkèebàdàn, tàbí tí ó ti jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́ níbi tí ẹléfẹ̀ ti ń kọrin ní ilẹ̀ Kétu àti ilẹ̀ Yewa. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò jẹ́ sọ ní ọjọ́ mìíràn di ohun tí a ń fi ìlù gbè. Olówó tí ó fi èrú kó ọrọ̀ jọ yóò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ìjòyè tí ó ta ilẹ̀ onílẹ̀ yóò gbọ́ ti ẹnu ọmọdé. Ọba pàápàá yóò gbọ́ èyí tí àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kò tó sọ sí i létí. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kò sí ẹni tí yóò pe akọrin lẹ́jọ́.

Àwọn ènìyàn a máa pa òwe yìí láti fi yin àṣà Yorùbá pé ó fi ààyè sílẹ̀ fún òtítọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò fínnífínní, a óò rí i pé ó ní ojú méjì. Kí ni ìdí tí ọba kì í fi mú onkọrin? Ó lè jẹ́ pé ọba mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni akọrin ń sọ. Ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni, ẹni tí ó bá sì mú akọrin ti gbé gbogbo ìlú dè. Ìdáhùn tí ó gbé akọrin ga nìyí. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ọba kò ka orin sí rárá, pé ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Orin lásán ni. Bí ó bá sú wọn, wọn yóò lọ sùn." Bí ó bá jẹ́ ìdáhùn kejì yìí ni, òmìnira tí akọrin ní kì í ṣe ọlá mọ́, ẹ̀gàn gbáà ni. Èwo nínú méjèèjì ni òtítọ́? Ọwọ́ ọba kọ́ ni ìdáhùn wà, kò sì sí lọ́wọ́ akọrin. Ọwọ́ àwọn tí ó gbọ́ orin náà ni ó wà, nínú ohun tí wọ́n bá ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́ nìkan. Ní ọdún 2007, àwo orin kan jáde tí ó tún un gbé síwájú àwọn ènìyàn. Bùkọ́lá Elemide, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aṣa, ni ó kọ ọ́. Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1982. Ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó padà sí Nàìjíríà, Èkó ni ó sì gbé dàgbà. Orúkọ tí ó ń jẹ́ lórí pèpéle, orúkọ ẹyẹ àṣá ni, ẹyẹ tí ń fò lókè tí ojú rẹ̀ sì tó ilẹ̀ kedere. Bàbá rẹ̀ kó àwo orin jọ sí ilé. Ti Marvin Gaye wà níbẹ̀, ti Bob Marley wà níbẹ̀, ti Fẹlá àti ti Ebenezer Obey náà kò gbẹ́yìn. Láti ìdí àwọn àwo wọ̀nyí ni etí ọmọ náà ti là. Nígbà tí ó yá, ó lọ kọ́ iṣẹ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Peter King ní ọ̀nà Àgbádárìgì, ó sì kọ́ bí a ti ń ta gìtá. Cobhams Asuquo, ọ̀gá nínú iṣẹ́ orin tí kò fojú ríran, ni ó bá a ṣe àwo àkọ́kọ́ náà. Ní ọdún 2008, àwo yìí gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní ilẹ̀ Faransé.

Irú orin tí ó ń kọ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń pè ní sóòlù, ìtumọ̀ orúkọ náà kò sì ju "ọkàn" lọ. Inú ilé ìjọsìn ni ohùn orin yìí ti ṣẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, àwọn akọrin mú ohùn tí wọ́n fi ń ké pe Ọlọ́run, wọ́n sì fi kọrin ìfẹ́, orin ìbànújẹ́ àti orin ìlàkàkà. Àkókò náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, kò sì pẹ́ tí orin ọkàn fi di orin ìlú. Nígbà tí Marvin Gaye gbé àwo "What's Going On" jáde ní ọdún 1971, ogun Vietnam, ìṣẹ́ àwọn ènìyàn àti bí a ti ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ ni ó fi ohùn dídùn bèèrè nípa rẹ̀. Ohun tí ó jọni lójú nínú orin sóòlù nìyí: kì í pariwo mọ́ ènìyàn. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó tì í.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ pé àwọn "ṣe àwárí" akọrin kan. Àwọn ará Faransé sọ bẹ́ẹ̀ nípa Aṣa ní ọdún 2008. Ọ̀rọ̀ náà yẹ ní yíyẹ̀wò. A kì í wá ohun tí kò sọnù, akọrin kò sì sọnù. Ó wà níbi tí ó wà, ó ń ta gìtá rẹ̀, ó ń sọ ohun tí ó rí. Etí ẹni tí ó ń wá a kiri ni ó dí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí akọrin tí ó ń kìlọ̀ fún ayé, ohun tí ó rí gan-an ni ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí nínú ayé tí wọ́n ń kìlọ̀ fún. Bí kò bá rí ìyẹn, orin aládùn kan ni ó rí, kò tíì rí akọrin.

Orin tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ nínú àwo 2007 náà ni èyí tí a pe àkọlé rẹ̀ ní "Jailer". Ẹlẹ́wọ̀n kan ni ó ń bá wọ́dà tí ó ń ṣọ́ ọ sọ̀rọ̀. Kò bú u, kò sì ṣépè fún un. Ohun tí ó ń sọ fún un ni pé ìdè tí ó wà lẹ́sẹ̀ òun wà lẹ́sẹ̀ wọ́dà náà pẹ̀lú. Pé bí òun ti wọ aṣọ ẹ̀wọ̀n ni wọ́dà wọ aṣọ iṣẹ́. Pé ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì, ikú yóò sì pa àwọn méjèèjì. Aninilára kò mọ̀ pé ìnilára ti mú òun náà.

Ẹni tí ó bá ní làákàyè yóò ta ko ọ̀rọ̀ yìí lójú ẹsẹ̀, ó sì yẹ kí ó ta kò ó. Wọ́dà ń gba owó oṣù. Ẹlẹ́wọ̀n kò gba nǹkan kan. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọ́dà a wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ aya àti ọmọ rẹ̀; ẹlẹ́wọ̀n a sùn sórí ilẹ̀. Báwo ni a ṣe lè sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ṣé a kò máa fi ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n dá ẹni tí ó jẹ̀bi láre bẹ́ẹ̀? Bí gbogbo ènìyàn bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, ta ni a óò mú?

Àtakò yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ohun kan. Láti sọ pé ènìyàn wà nínú ìdè kò túmọ̀ sí pé kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó gbé ẹnìkejì ṣánlẹ̀ tí ó sì dì í mọ́lẹ̀ kò lè dìde níbẹ̀ lọ sí oko. Bí ó bá dìde, ẹni tí ó dì mú yóò dìde. Àwọn méjèèjì ni ó wà ní ilẹ̀, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó wà lókè ni ó lè fòpin sí i nígbàkigbà tí ó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti wọ́dà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ìdè tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ ju ti ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ. Nítorí náà, orin Aṣa kò dá aninilára láre. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba àwáwí kan lẹ́nu rẹ̀, àwáwí pé ìyà tí òun fi ń jẹ ẹlòmíràn kò kan òun.

Ìdí mìíràn tún wà. Nínú orin kan náà, akọrin mẹ́nu ba ọmọ kékeré kan tí ó ní òun fẹ́ di ààrẹ ìlú nítorí kí òun lè jẹ nínú owó ìjọba. Ẹ̀rín a máa pa ènìyàn bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín a tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà kò sọ pé òun fẹ́ kí ìjẹkújẹ tán nínú ìlú. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ó kan òun. Ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí ó le jù lọ wà: pé ẹni tí a ń ni lára lónìí kò retí ọjọ́ òmìnira, bí kò ṣe ọjọ́ tí òun náà yóò gba ipò wọ́dà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, bí ìjọba lọ bí ìjọba bọ̀, wọ́dà nìkan ni yóò máa yí padà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n yóò wà síbẹ̀.

Àkíyèsí kan tún yẹ ní ṣíṣe, pàápàá jù lọ fún àwọn tí ó rò pé akọrin tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin ti fi ilé sílẹ̀. Nínú "Jailer" yìí kan náà, akọrin kìlọ̀ pé kí ẹni tí ń rìn nínú ọjà má ṣe sọ òkò. Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: "Ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà." Òwe àwọn baba ńlá ni ó wọ aṣọ àjèjì. Nínú àwo kan náà ni orin "Ẹyẹ Àdàbà" wà, tí èdè Yorùbá inú rẹ̀ já gaara bí omi àárọ̀. Òwe òkò yìí sì gbé ọ̀rọ̀ ìdè dé ibi tí ó yẹ: ẹni tí ó ń ni ìlú lára kò mọ ẹni tí òkò òun yóò bà, ó sì lè jẹ́ ọmọ tirẹ̀.

Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ yóò kíyè sí i pé arọ́pò-orúkọ méjì ni ó gbé orin náà ró: "èmi" àti "ìwọ". "Èmi" ni ẹlẹ́wọ̀n, "ìwọ" ni wọ́dà. Níbi tí akọrin bá ti ń kọ ọ́, gbogbo èrò a máa bá a gbè é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀: kò sí ẹni tí ó bá a gbè é tí kò dúró sí ipò "èmi". Olúkúlùkù ni ẹlẹ́wọ̀n. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè wà nínú gbọ̀ngàn kan, kí gbogbo wọn máa pe wọ́dà, kí wọ́dà kan ṣoṣo má sì sí láàárín wọn láti dáhùn. Ta wá ni wọ́n ń pè?

Ìyàwó ilé kan lè máa kọ orin náà nínú ilé ìdáná, kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò tíì jẹun láti òwúrọ̀ máa fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà lè máa gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, kí ó máa mi orí nítorí ọlọ́pàá tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí òun náà ti sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì nítorí pé òjò ń rọ̀. Akọ̀wé tí ó fi fáìlì ẹni tí ó fẹ̀yìn tì pamọ́ títí yóò fi rí ohun kan gbà lè fẹ́ràn orin náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Olùkọ́ tí ó ń ta ìwé ní ọ̀ràn-an-yàn fún akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣe ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń purọ́ nígbà tí ó ní òun wà nínú ìdè. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Ìdajì yòókù wà ní ọwọ́ wọn, bí kọ́kọ́rọ́.

Ibí yìí ni orin ayé òde òní ti yàtọ̀ sí orin Ẹ̀fẹ̀. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ẹni tí a ń bá wí wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì ń wò ó. Kò lè sọ pé ẹlòmíràn ni. Ìtìjú a mú un, ìtìjú yìí sì jẹ́ apá kan nínú agbára orin. Ṣùgbọ́n orin tí a gbà sínú àwo, tí rédíò ń gbé káàkiri, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó di bí aṣọ tí a rán láìwọn ara ènìyàn: olúkúlùkù a máa sọ pé ara ẹlòmíràn ni ó bá mu. Bí a bá sọ̀rọ̀ nípa aninilára, a ní àwọn olóṣèlú ni. Àwọn olóṣèlú náà a ní àwọn tí ó ṣáájú àwọn ni.

Ó dà bí ẹni pé Aṣa mọ èyí, nítorí pé nínú orin mìíràn nínú àwo náà, "Fire on the Mountain", kò fi ààyè sílẹ̀ fún olùgbọ́ láti sá pamọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà mọ gbólóhùn náà dáadáa. Eré ni wọ́n fi ń ṣe, wọn a máa sá yípo bí wọ́n ti ń ké pé iná ń jó lórí òkè. Akọrin gba eré ọmọdé yìí, ó sì yí i padà. Iná ń jó lóòótọ́ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń sá. Ó sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ọmọ aláìṣẹ̀ tí a rí nínú tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ènìyàn sì jókòó tí wọ́n ń wò ó. Ó bá sójà sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ń lọ kú sí ogun nítorí ọ̀ràn ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí orin yìí ń tọ́ka sí kì í ṣe ti ẹni tí ó dá iná nìkan. Ẹ̀ṣẹ̀ òǹwòran ni. Yorùbá ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n sì tún ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Ẹni tí ó kàn ń wòran kò yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀ràn.

Ṣùgbọ́n adùn ohùn náà tún lè di ewu. Àwọn ènìyàn a máa jó sí orin tí ó ní kí wọ́n má ṣe máa wòran. Wọn a gbé fóònù sókè, wọn a máa wo ẹni tí ń sọ fún wọn pé ìwòran ń pa wọ́n. Kì í ṣe Aṣa nìkan ni ó rí irú èyí. Miriam Makeba, akọrin ilẹ̀ South Africa, kọ ọ̀pọ̀ orin nípa ìyà àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n "Pata Pata", tí ó tà jákèjádò Amẹ́ríkà ní ọdún 1967, tí òun fúnra rẹ̀ kà sí orin tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀, ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ. Etí ènìyàn a máa ṣa adùn, a sì fi ìkìlọ̀ sílẹ̀, bí ọmọdé tí ó jẹ ẹran tán tí ó ta ọbẹ̀ gbúre nù.

Nígbà náà, ṣé òtítọ́ ni pé orin lásán ni orin? Ẹ jẹ́ kí á bi àwọn ọba ayé òde òní. Ní ọdún 1964, nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe eré "Yorùbá Ronú", ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, ni òfin náà tó kúrò. Ní ọdún 1960, ìjọba South Africa fagi lé ìwé ìrìnnà Makeba, kò sì lè wá sin ìyá rẹ̀; lẹ́yìn tí ó sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 1963, wọ́n fi òfin de àwo rẹ̀ ní ilé, ọdún 1990 ni ó sì tó fojú kan ilẹ̀ rẹ̀ padà. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé "Zombie" jáde ní ọdún 1976, ó fi àwọn sójà ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà jó ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú ní ọdún 1978.

Àwọn ọba wọ̀nyí mú onkọrin. Ìwà wọn burú, ṣùgbọ́n ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan tí kò ṣeé gbójú fò: wọn kò ka orin sí ohun lásán. Wọ́n gbọ́ ọ, ó yé wọn, wọ́n sì ṣe nǹkan nípa rẹ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé aninilára a máa ka orin ìkìlọ̀ sí ju àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Aninilára gbọ́ orin, ó rán sójà. Olólùfẹ́ gbọ́ orin, ó pàtẹ́wọ́, ó sì lọ sùn.

Àwọn kan yóò ní akọrin náà kò mọ́. Pé ó ń ta ìkìlọ̀ ní ọjà, pé ó ń fi ìṣẹ́ ìlú gba ẹ̀bùn ní ilẹ̀ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Onílù ń jẹ nínú ìlù, oníṣègùn ń jẹ nínú oògùn. A kì í torí pé oníṣègùn gba owó kí a ní oògùn rẹ̀ kò jẹ́. Àwọn mìíràn yóò ní ohùn rẹ̀ tutù jù, pé Fẹlá ń dárúkọ ènìyàn, òun kò dárúkọ. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà wọn kò jọra. Ṣùgbọ́n orin tí ó dárúkọ aláṣẹ kan ń pe ẹni náà nìkan lẹ́jọ́. Orin tí kò dárúkọ lè pe gbogbo wa, bí a bá gbà láti jẹ́ ẹ. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Kò sì pọn dandan pé kí gbogbo orin jẹ́ ìkìlọ̀. Ìfẹ́ àti ọgbẹ́ ìfẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwo "Lucid" tí Aṣa fúnra rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2019, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹni tí ó ti kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti san tirẹ̀. Gbèsè ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ti bọ́ sí ọrùn ẹni tí ó gbọ́.

Ohun tí orin lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe hàn gbangba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012. Ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, iye owó jálá kan sì fò láti náírà 65 sókè kọjá náírà 140. Àwọn òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn sì péjọ ní Ọ̀jọ́ta ní Èkó, níbi tí àwọn akọrin ti ń gun orí pèpéle lójoojúmọ́. Ìjọba sọ iye náà kalẹ̀ sí náírà 97. Kì í ṣe orin ni ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tí ó jáde ni. Ṣùgbọ́n orin ni ó mú ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn dúró nínú oòrùn. Orin kò lè rìn fún ènìyàn. Ó lè sọ fún un pé kò dá nìkan rìn.

Ó yẹ kí èyí nípa lórí bí a ti ń kọ́ orin àti ewì alohùn ní ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò lè to àwọn ọnà èdè inú orin kan lẹ́sẹẹsẹ: àfiwé níbí, ìbéèrè pèsìjẹ lọ́hùn-ún, òwe ní ìlà kẹta. Iṣẹ́ rere ni, máàkì sì wà fún un. Ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn ìbéèrè tí orin náà bi í. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọ ní orin Òkèebàdàn, kí ó bi í pé: bí wọ́n bá kọ orin yìí ní àdúgbò rẹ lónìí, ta ni orúkọ rẹ̀ yóò bọ́ síbẹ̀? Bí ó bá kọ́ ọ ní orin Aṣa, kí ó bi í pé: ta ni ó ń pe ìwọ ní wọ́dà? Ìbéèrè yìí kò ní máàkì, kò sì ṣeé há sórí. Ó sì yẹ kí olùkọ́ ti bi ara rẹ̀ kí ó tó bi ọmọ.

Nítorí náà, òwe àwọn àgbà dúró bí ó ti wà: ọba kì í mú onkọrin. Ọlá ni òwe yìí jẹ́ fún akọrin níbikíbi tí ẹni tí ó gbọ́ bá ti padà sílé, tí ó sì bu oúnjẹ fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó gbé fáìlì tí ó fi pamọ́ jáde, tí ó gba iye tí ó tọ́ lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gàn ni. Bí ọba kò bá mú onkọrin, ó yẹ kí orin mú ẹni tí ó gbọ́ ọ.